Bí A Ṣe Ń Gba Amọ̀nà: Ọjọ́ Kan ní Erékùṣù Zanzibar

Bí ènìyàn bá dé ìlú tí kò dé rí, ohun púpọ̀ ni yóò kọjá níwájú rẹ̀ tí kò ní mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń wí pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tí ó ń yá àlejò ní ojú ni à ń pè ní amọ̀nà. Òun ni yóò mú un káàkiri, tí yóò sì máa sọ ìtàn ibi tí wọ́n bá dé fún un.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni ó ń rìn jìnnà, tí wọ́n sì ń mú àwọn òbí wọn dání. Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ bí a ti ń gba amọ̀nà, kí owó wa má baà ṣòfò, kí ẹnikẹ́ni má sì rẹ́ wa jẹ. Erékùṣù Zanzibar ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ohun tí ó wà níbẹ̀ kan àwa ènìyàn dúdú gbọ̀ngbọ̀n.

1. Ibi tí Zanzibar wà

Erékùṣù ni ilẹ̀ tí omi yí ká. Zanzibar wà nínú Òkun Íńdíà, ní ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà, lábẹ́ orílẹ̀-èdè Tànsáníà. Erékùṣù ńlá méjì ni ó wà níbẹ̀, Unguja àti Pemba, pẹ̀lú àwọn kéékèèké mìíràn. Unguja ni àwọn àlejò sábà máa ń lọ. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 85, ìbú rẹ̀ kò sì tó ìdajì gígùn náà. Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ojú omi tí ó yá láti ìlú Dar es Salaam, yóò dé ibẹ̀ ní nǹkan bí wákàtí méjì.

Ooru mú níbẹ̀ bí ó ti mú ní ọ̀dọ̀ wa. Ẹ ó rí igi àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀gẹ́ àti máńgòrò. Òjò ńlá máa ń rọ̀ láti oṣù kẹta dé oṣù karùn-ún. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹwàá ni ìrìn dára jù. Èdè Swahili ni wọ́n ń sọ, Mùsùlùmí sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn.

2. Kí ló dé tí a fi ń dá gba amọ̀nà?

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà wo erékùṣù náà. Èkínní ni kí a bá ọ̀pọ̀ àlejò mìíràn wọ mọ́tò kan náà. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n aago ni ọ̀gá níbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń dun ìyá yín, tàbí tí ẹ bá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò ní lè dúró dè yín.

Ọ̀nà kejì ni kí a gba amọ̀nà àti mọ́tò fún ara wa nìkan, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Owó eléyìí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ẹbí bá dá owó jọ, ìnáwó náà kì í wọni lọ́rùn púpọ̀. Ẹ lè dúró níbi tí ó bá wù yín, ẹ sì lè béèrè ohun tí ó bá rú yín lójú.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: kì í ṣe mọ́tò ni ẹ ń san owó fún, ìmọ̀ amọ̀nà ni. Dírẹ́bà wà níbi gbogbo. Ẹni tí ó lè so ìtàn ibì kan mọ́ ti ibòmíràn, kí ó sì yé àlejò, òun ni ó ṣọ̀wọ́n.

3. Bí a ṣe ń mọ amọ̀nà gidi

Ní ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí àti ní etí òkun, àwọn géńdé kan wà tí wọn kì í jẹ́ kí àlejò sinmi. "Ẹ wá, mo mọ ibi gbogbo, owó mi kò wọ́n!" Àwọn ará ìlú ń pè wọ́n ní papasi. Ní èdè Swahili, èégbọn ni à ń pè ní papasi. Ẹ̀yin náà mọ bí èégbọn ti í ṣe lára ajá. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ni olè o. Ṣùgbọ́n bí wàhálà bá dé, níbo ni ẹ ó ti rí wọn?

Amọ̀nà tí ìjọba mọ̀ máa ń ní káàdì láti ọ̀dọ̀ àjọ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn arìnrìn-àjò ní Zanzibar. Ẹ ní kí ó fi hàn yín. Ẹ má tijú. Ẹ ka orúkọ rẹ̀, ẹ wo àwòrán rẹ̀ bóyá ó jọ ọ́, ẹ sì ka ọjọ́ tí agbára káàdì náà yóò parí. Ẹni tí kò mọ̀wé kò lè ṣe èyí. Ẹ̀yin lè ṣe é.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bi í ní ìbéèrè kan. Ẹ wí pé, "Ọdún wo ni wọ́n ti ọjà ẹrú pa ní ìlú yìí?" Bí ó bá ní 1873 ni, ó mọ nǹkan. Bí ó bá ń rẹ́rìn-ín lásán, ẹ wá ẹlòmíràn.

4. Àdéhùn ní orí ìwé

Ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń yí padà nígbà tí oòrùn bá ti mú tí ebi sì ti ń pa ènìyàn. Nítorí náà, kí ẹ tó wọ mọ́tò, ẹ kọ àdéhùn yín sílẹ̀. Kò ní gùn ju báyìí lọ:

"Amọ̀nà yóò bá wa ní ilé tí a wọ̀ sí ní aago 8 àárọ̀. Yóò dá wa padà ní aago 5 ìrọ̀lẹ́. A ó lọ sí Stone Town, sí oko kànáfùrù, àti sí erékùṣù Changuu. Owó amọ̀nà, mọ́tò, epo, ọkọ̀ ojú omi àti owó ìwọlé wà nínú iye tí a fohùn sí. Owó oúnjẹ kò sí nínú rẹ̀. A san ìdajì lónìí. A ó san ìdajì tí ó kù nígbà tí a bá padà dé."

Kí ẹ kọ iye owó náà sí ìsàlẹ̀ ní ṣílè Tànsáníà, kí ẹ̀yin àti amọ̀nà sì fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ aago ṣe pàtàkì púpọ̀. Àwọn tí ń sọ Swahili máa ń ka wákàtí láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ohun tí àwa ń pè ní aago méje àárọ̀, wákàtí kìíní ni lọ́dọ̀ wọn. Aago mẹ́jọ wa ni wákàtí kejì tiwọn. Bí ẹ bá gbọ́ "saa mbili", èyí tí í ṣe wákàtí kejì, tí ẹ sì dúró di aago méjì ọ̀sán, ọjọ́ yín ti bàjẹ́ nìyẹn! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní nọ́ńbà, kí ẹ fi àárọ̀ tàbí ọ̀sán sí i, kí ẹ sì nà án sí aago ọwọ́ yín kí amọ̀nà rí i.

5. Ní àárọ̀: Stone Town

Stone Town ni àárín ìlú àtijọ́ ní Zanzibar. Òkúta iyùn inú òkun ni wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ilé rẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ há tó bẹ́ẹ̀ tí mọ́tò kò lè gba ibi púpọ̀ kọjá, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn ín. Ẹ ó rí àwọn ilẹ̀kùn ńlá tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí, tí wọ́n sì kan idẹ mọ́. Ní 2000, àjọ UNESCO kọ ìlú yìí mọ́ àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Létí òkun ni Ilé Ìyanu wà, èyí tí Sọ́táànì Barghash kọ́ ní 1883. Apá kan rẹ̀ wó lulẹ̀ ní oṣù kejìlá, 2020. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ amọ̀nà ibi tí ẹ lè dé kí ẹ tó sún mọ́ ọn. Ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ààfin wà, tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí ní August 27, 1896. Ogun náà kò tó wákàtí kan tí ó fi parí.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ibi tí ọjà ẹrú wà nígbà àtijọ́. Láti àárín ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti ń kó àwọn ènìyàn wá síbẹ̀, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé. Ẹ rántí Àjàyí Crowther, tí wọ́n mú lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ìhà ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ń kó àwọn ènìyàn tiwa lọ, sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Bùràsíìlì àti Kúbà. Ìhà ìlà-oòrùn ni wọ́n ń kó púpọ̀ nínú ti Zanzibar lọ, sí ilẹ̀ Lárúbáwá àti àwọn erékùṣù inú òkun. Àwọn mìíràn kò lọ jìnnà, nítorí pé oko Zanzibar gan-an ni wọ́n ti lò wọ́n. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ oko yìí, a ó padà sí i.

Ní 1873, Sọ́táànì Barghash fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ti ọjà náà pa. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ni ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí. Wọ́n ní ibi tí pẹpẹ rẹ̀ wà ni igi tí wọ́n máa ń so ẹrú mọ́ láti nà án wà rí. Níta, ẹ ó rí ère ènìyàn márùn-ún nínú kòtò, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà ní ọrùn wọn. Bí omi bá bọ́ lójú yín, kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Wọn yóò tún mú yín wọ yàrá kan lábẹ́ ilẹ̀, wọn yóò ní ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹrú sí. Ẹ gbọ́ o: àwọn òpìtàn kan kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní lẹ́yìn tí ọjà ẹrú ti parí ni wọ́n kọ́ ilé náà. Èyí kò sọ ìyà àwọn ẹrú di irọ́. Ọjà wà, a sì mọ ọdún tí wọ́n tì í. Ṣùgbọ́n ó kọ́ wa pé kí a fi etí gbọ́ ti amọ̀nà, kí a sì fi ojú ara wa ka ìwé tí wọ́n kọ sí ara ògiri. Amọ̀nà rere kì í bínú sí ẹni tí ó bá béèrè pé, "Báwo la ṣe mọ̀?"

6. Ní ọ̀sán: oko kànáfùrù

Kò sí ẹni tí kò mọ kànáfùrù nínú wa. Karafuu ni àwọn ará Zanzibar ń pè é. Ẹ gbọ́ bí orúkọ méjèèjì ti jọra! Láti inú èdè Lárúbáwá ni méjèèjì ti wá.

Igi rẹ̀ ga. Òdòdó tí kò tíì là ni wọ́n ń já. Bí ó bá là, iye tí wọn yóò rà á ti dínkù. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń já a, wọn yóò sì sá a sínú oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi pọ́n dúdú bí ìṣó kékeré. Ẹ ó tún rí atalẹ̀ àti igi mìíràn tí èèpo rẹ̀ ń ta sánsán.

Níbí ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá amọ̀nà yín mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní kí ẹ gbóòórùn ewé, kí ẹ sì ra ọjà. Ẹni tí ó mọ̀ yóò so oko yìí mọ́ ọjà tí ẹ rí ní àárọ̀. Sọ́táànì Sayyid Said, tí ó gbé ìjókòó ìjọba rẹ̀ wá sí Zanzibar ní nǹkan bí 1840, ni ó mú kí wọ́n gbin kànáfùrù káàkiri. Àwọn ẹrú ni wọ́n fi gbìn ín. Àní lẹ́yìn tí ọjà ti di pípa, oko kò dá wọn sílẹ̀. Ó di 1897 kí òfin tó gba ẹrú láyè láti béèrè òmìnira rẹ̀. Òórùn dídùn yẹn, òógùn ènìyàn wà nínú rẹ̀.

7. Ní ìrọ̀lẹ́: erékùṣù Changuu

Nǹkan bí ìdajì wákàtí ni ọkọ̀ ojú omi ń lò dé Changuu. Wọ́n kọ́ ẹ̀wọ̀n síbẹ̀ ní 1893, ṣùgbọ́n wọn kò fi ẹlẹ́wọ̀n kankan sí i. Àwọn èrò ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣọ́ nítorí àrùn ni wọ́n ń dá dúró níbẹ̀. Àwọn ahun ńlá wà níbẹ̀, tí àwọn àkọ́kọ́ wọn ti erékùṣù Seychelles wá ní 1919. Ẹyọ kan lè wúwo ju kìlógíráàmù 200 lọ. Ẹ má ṣe gùn wọ́n o.

Kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ rí i pé ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì wà fún olúkúlùkù yín. Bí kò bá sí, tàbí tí òkun bá ń ru, ẹ má wọ̀ ọ́. Ẹ ní kí amọ̀nà mú yín lọ sí igbó Jozani dípò rẹ̀, níbi tí irú ẹdun kan wà tí ẹ kò lè rí nínú igbó níbòmíràn yàtọ̀ sí Zanzibar. Bí amọ̀nà bá ní ibi méje ni òun yóò mú yín dé lọ́jọ́ kan, ẹ má gbà. Ibi mẹ́ta tó.

8. Ìwà àlejò

Ẹ wọ aṣọ tí ó bo èjìká àti orúnkún. Ní oṣù ààwẹ̀, ẹ má jẹun ní gbangba. Ẹ tọrọ ààyè kí ẹ tó ya ènìyàn ní fọ́tò. Bí ẹ bá pàdé àgbàlagbà, ẹ wí pé, "Shikamoo", yóò dáhùn pé, "Marahaba." Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún àgbà bí àwa náà ti ń ṣe.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ mú ìwé àdéhùn jáde, ẹ kà á pa pọ̀, kí ẹ sì san owó tí ó kù. Bí amọ̀nà bá ṣiṣẹ́ rere, ẹ fún un ní nǹkan díẹ̀ sí i, nítorí iṣẹ́ ọpọlọ ni ó ṣe.

Ẹ kò sì ní láti dé Zanzibar kí ẹ tó lo ẹ̀kọ́ yìí. Amọ̀nà wà ní Badagry, ó wà ní Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Káàdì, àdéhùn àti ìbéèrè náà kò yí padà.

Ìbéèrè

1. Kí ni papasi, kí sì ni ìdí tí wọ́n fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀?
2. Bí ará Zanzibar bá ní wákàtí kejì àárọ̀, aago mélòó ni lọ́dọ̀ wa?
3. Báwo ni oko kànáfùrù àti ọjà ẹrú ṣe so pọ̀?
4. Ẹ kọ ìwé àdéhùn kékeré kan tí ẹ lè lò pẹ̀lú amọ̀nà ní ìlú kan nítòsí yín.