Gbèsè Inú Ilé: Ohun tí Ó Ń Gbé Ìtàn Ilé tí Òkú Ń Rìn Ró

Ìfáárà

Bí a bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìtàn adẹ́rùbani tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń kọ kò ju ohun tí wọ́n rí nínú fíìmù lọ: aṣọ funfun, ẹ̀fúùfù líle, ilẹ̀kùn tí ó ń ṣí fúnra rẹ̀. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ sú òǹkàwé. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé kì í ṣe òkú ni ó ń gbé ìtàn náà ró bí kò ṣe gbèsè tí àwọn alààyè jẹ òkú náà.

Ilé àti òkú láàrin Yorùbá

Láyé àtijọ́, inú ilé ni Yorùbá máa ń sin àgbàlagbà tí ó fi ọwọ́ rọrí kú sí. Ọmọ a máa sùn, a sì máa jí lórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ sùn sí. Ojú oórì náà ni wọ́n ti ń tọrọ ọmọ àti àlàáfíà. Ẹni tí ó kú ikú àìtọ́ ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀: ẹni tí àrá pa di ti àwọn oníṣàngó, ẹni tí ó kú sómi, etí omi ni wọ́n ń sin ín sí. Nítorí náà, bí òǹkọ̀wé bá kàn sọ fún òǹkàwé Yorùbá pé òkú wà nínú ilé, kò tíì sọ ohun tí ó dẹ́rù bani. Ohun tí òǹkàwé fẹ́ mọ̀ ni ohun tí wọ́n ṣe fún òkú náà tí kò fi sinmi.

Ohun tí àwọn ìtàn wa fi hàn

Igbó ni a sábà máa ń bá abàmì nínú ìtàn wa. Orúkọ ìwé Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), fi èyí hàn. Síbẹ̀, kí Àkàrà-Oògùn tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀ nínú igbó ni bàbá rẹ̀ ti yìnbọn lu ẹranko kan, tí ipa ẹ̀jẹ̀ sì mú un padà sí ilé ara rẹ̀, sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn àkúdàáyà. Ẹni tí ó ti kú lọ tẹ̀dó sí ìlú mìíràn, ó fẹ́ ìyàwó, ó bímọ, títí ojúlùmọ̀ kan fi dé tí ó sì dá a mọ̀. Lójú ẹsẹ̀, ó di àwátì. Ìyàwó àti ọmọ tí ó fi sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà bá: gbogbo ọdún tí wọ́n fi bá a gbé ni wọn yóò tún rò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a ṣẹ̀dá ìtàn kan, kí a fi í sí agbo ilé kan ní Ilé-Ogbó, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ayédirè. Ìyá àgbà kan kú. Ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n fi yàrá òun sílẹ̀ fún ọmọ-ọmọ òun tí kò ní òbí. Àwọn ọmọ rẹ̀ fi yàrá náà háyà, wọ́n sì pín owó rẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan, ìyàwó tuntun inú ilé náà gbọ́ ìró ìgbálẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo àgbàlá ti mọ́ tónítóní, àfi iwájú yàrá ìyá àgbà.

Ohun mẹ́ta ni a lè tọ́ka sí. Èkíní, àmì náà jẹ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni gbígbálẹ̀ lóru. Ìró ìgbálẹ̀ nìkan ti tó. Èkejì, ẹni tí ó gbọ́ ọ ní ohun tí ó lè pàdánù: bí ìyàwó tuntun bá sọ̀rọ̀, wọn yóò ní ó wá da ilé rú. Ẹ̀kẹta, òpin ìtàn yóò ná àwọn alààyè ní nǹkan. Bí wọ́n bá kàn pe wòlíì tàbí àáfà kí ó lé òkú jáde, ọmọ òrukàn kò rí yàrá gbà, ìtàn kò sì parí.

Irú èyí ní ilẹ̀ mìíràn

Ní nǹkan bí 1,900 ọdún sẹ́yìn, Pliny Kékeré, ará Róòmù, kọ lẹ́tà nípa ilé kan ní Athens tí òkú ń wọ́ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ kiri inú rẹ̀ lóru. Onímọ̀ kan háyà ilé náà, ó tẹ̀ lé òkú náà dé àgbàlá. Wọ́n gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n bá egungun pẹ̀lú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Wọ́n sin ín bí ó ti yẹ, ilé sì rọ̀. Nínú Beloved (1987), Toni Morrison kọ nípa ilé kan ní Ohio tí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pa, kí ó má baà padà sóko ẹrú, kò jẹ́ kí ó rọgbọ. Gbèsè tibẹ̀ tóbi ju èyí tí ìdílé kan ṣoṣo lè san lọ.

Àgbálọgbábọ̀

Kí olùkọ́ tó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi kálámù lé ìwé, kí ó bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ó kú? Kí ni wọ́n jẹ ẹ́? Ta ni yóò san án? Kí olùkọ́ tún kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dárúkọ ilé gidi kan ní ìlú, nítorí orúkọ burúkú kì í tètè kúrò lára ilé, opó tàbí arúgbó tí ó kù nínú rẹ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí kò nílò aṣọ funfun mọ́. Ìgbálẹ̀ kan ti tó o.