Ta Ni Ó Ń Sọ̀rọ̀ Nínú Wa? Àlàyé Lórí Ọgbẹ́ Ọkàn, Àìfọkànbalẹ̀ àti Ọ̀nà Kan Láti Tọ́jú Wọn



Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wa máa ń sọ láìronú sí i rárá. Bí wọ́n bá pe ènìyàn sí ìrìn-àjò kan tí kò dá a lójú, yóò ní, "Ọkàn kan ní kí n lọ, ọkàn kan ní kí n má lọ." Iyèméjì gan-an, iyè méjì ni. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ kí ó ní onítọ̀hún ti ya wèrè. A mọ̀ pé ènìyàn kan ṣoṣo lè gbé èrò méjì tàbí mẹ́ta tí wọn kò fohùn ṣọ̀kan sínú ara rẹ̀. Orí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà ìtọ́jú tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí dúró lé.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Richard Schwartz ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1990. Ìtọ́jú ìdílé ni iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀: bàbá, ìyá àti ọmọ yóò jókòó níwájú rẹ̀, yóò sì máa wo bí ìṣe ẹnì kan ṣe ń fa ìṣe ẹnì kejì. Nígbà tí ó ń tọ́jú àwọn ọ̀dọ́ tí ń jẹ àjẹjù, tí wọn a sì lọ bì í sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ó ṣàkíyèsí pé wọ́n máa ń sọ pé apá kan nínú àwọn ń bú àwọn, apá kan ń sunkún, apá kan ló sì ń fà àwọn lọ sídìí oúnjẹ. Ó rí i pé ohun tí òun ti mọ̀ nípa agbo ilé ń ṣẹlẹ̀ nínú ènìyàn kan ṣoṣo. Internal Family Systems ni ó pe ọ̀nà náà. Ìwé tó fi ṣàlàyé rẹ̀ jáde ní 1995. Nínú àlàyé tèmi, "ará inú" ni n óò máa pe àwọn tó ń sọ̀rọ̀ wọ̀nyí, bí a ṣe ní ará ilé.

Kí ló wá kàn wá ní Jos níbí? Àwọn àgbà àárín wa kò lè gbàgbé ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, àti 28 oṣù Kọkànlá ọdún 2008, àti oṣù Kìíní ọdún 2010. Àwọn ènìyàn wa ní Kàdúná ní oṣù Kejì ọdún 2000 tiwọn. A tún ilé kọ́, a tún ṣọ́ọ̀bù ṣí, a sì gbà pé ó ti tán. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù ni ó tán fún.

Ẹ jẹ́ kí a mú obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, kí a pè é ní Ìyá Bọ́lá. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó láàárín wa, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wo ojú ẹnì kejì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ní 2001. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ó sá pamọ́ sí, tí ó fi ọwọ́ bo àbúrò rẹ̀ lẹ́nu kí igbe rẹ̀ má baà jáde. Lónìí, ó ti di ìyá ọmọ mẹ́ta, ó ń ta aṣọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ń yẹ àgádágodo ẹnu géètì wò kí ó tó sùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ sun ilé ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá kan géètì gbàgà, àyà rẹ̀ a já, òógùn a bò ó, lẹ́yìn náà ni yóò jágbe mọ́ ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù lọ. Tí gbogbo ilé bá sùn, fíìmù ni yóò máa wò títí di aago méjì òru. Ọkọ rẹ̀ ní oníwàhálà ni. Àwọn ẹbí ọkọ ní ìwà rẹ̀ nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, a sì máa fi ara rẹ̀ ré lójoojúmọ́.

Bí Schwartz bá rí ìyá yìí, kò ní sọ pé ìwà ni. Yóò ní àwọn ará inú rẹ̀ pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. Àwọn kan jẹ́ alámòójútó: wọ́n ń sáré ṣíwájú ewu kí ó má baà dé rárá. Ẹni tó ń yẹ àgádágodo wò wà lára wọn, ẹni tó ń bú u wà lára wọn pẹ̀lú, nítorí èrò tirẹ̀ ni pé bí òun bá kọ́kọ́ bú u, kò ní ṣe àṣìṣe tí ará ìta yóò fi bú u. Àwọn kejì ni panápaná. Nígbà tí ìpayà bá ti gbiná tán ni wọ́n ń dé, ohunkóhun tó bá lè pa á ni wọn yóò lò: ìjágbe, fíìmù òru, fún ẹlòmíràn ọtí tàbí tẹ́tẹ́. Panápaná kì í dúró béèrè bóyá omi yóò ba àga jẹ́. Ẹ̀kẹta ni àwọn tí a tì mọ́ yàrá ẹ̀yìn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rù ọjọ́ náà. Nítorí kí igbe ọmọ yìí má baà gba ilé kan ni àwọn yòókù ṣe ń ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe.

Nínú gbogbo wọn, Schwartz ní kò sí èyí tó burú. Iṣẹ́ tí ó já lé wọn léjìká ló burú. Èyí kò sọ ìjágbe mọ́ ọmọ di ohun tó dára o. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó ń ṣe é ní ìdí. Ó tún gbà pé ẹnì kan wà nínú olúkúlùkù wa tí kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ará inú, tí ara rẹ̀ balẹ̀, tí ó láàánú, tí ó fẹ́ mọ̀dí ọ̀rọ̀. Onílé ni mo máa ń pè é. Àwọn kan lè ní orí inú ni. Èmi kò ní dà wọ́n pọ̀, ọ̀rọ̀ orí jinlẹ̀ ju ibi tí ìwé yìí dé lọ.

Bí Ìyá Bọ́lá bá dé ọ̀dọ̀ olùtọ́jú tó mọ ọ̀nà yìí, wọn kò ní bẹ̀rẹ̀ láti 2001. Olùtọ́jú yóò ní kí ó jókòó jẹ́ẹ́, kí ó ronú kan ẹni tó ń yẹ àgádágodo wò, kí ó sọ ibi tó ti ń gbúròó rẹ̀ nínú ara. Ó lè ní, "Igbá àyà mi ni, bí ìgbà tí wọ́n fi okùn fún un." Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e rọrùn létí, ṣùgbọ́n òun ni kókó: "Báwo ló ṣe rí lọ́kàn yín sí ẹni yìí?" Bí ó bá dáhùn pé, "Ó ti sú mi, kí ó kúrò lára mi," olùtọ́jú mọ̀ pé onílé kọ́ ló sọ̀rọ̀ yẹn. Ará inú mìíràn tó ń bínú sí èkínní ni. Yóò bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Èyí lè pẹ́. Ìgbà tí Ìyá Bọ́lá bá wá sọ pé, "Ó ń ṣe mí bíi kí n mọ ohun tí kò jẹ́ kí ó sinmi," ni ilẹ̀kùn ṣí.

Wọn yóò wá bi ẹ̀ṣọ́ náà pé, "Kí lò ń bẹ̀rù pé yóò ṣẹlẹ̀ bí o bá fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀?" A kì í ronú wá ìdáhùn rẹ̀, ó ń dìde fúnra rẹ̀, bí ọ̀rọ̀, bí àwòrán, tàbí bí omijé. "Wọn yóò wọlé." Wọn yóò tún bi í pé, "Ọmọ ọdún mélòó lo rò pé Ìyá Bọ́lá jẹ́?" Ọjọ́ orí ọmọdé ni àwọn olùtọ́jú sábà máa ń gbọ́ sí ìbéèrè yìí. "Mẹ́wàá." Ẹ̀ṣọ́ kò mọ̀ pé ọjọ́ ti lọ. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ọmọ náà ti dàgbà, ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ mẹ́ta, kọ́kọ́rọ́ ilé sì wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀.

Bí ẹ̀ṣọ́ bá gbà nìkan ni wọn yóò lọ sí yàrá ẹ̀yìn. A kì í fi tipá ṣí i. Níbẹ̀, ìyá tó ti dàgbà yóò gbọ́ ẹjọ́ ọmọ náà tán, yóò sì mú un jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú ọkàn rẹ̀. Nígbà náà ni wọn yóò bi ọmọ náà bóyá ó fẹ́ sọ ẹrù yìí kalẹ̀, sínú omi, sínú iná, tàbí kí ó fi fún afẹ́fẹ́. Ẹ̀ṣọ́ tó ti ń ṣọ́nà láti ọdún wọ̀nyí wá lè yan iṣẹ́ mìíràn. Kí ẹnikẹ́ni tí ọgbẹ́ rẹ̀ jìn má dá èyí ṣe nínú yàrá rẹ̀ o.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ti máa sọ pé ẹ̀mí òkùnkùn ni gbogbo èyí. Kò sí ohun tó ní kí a má gbàdúrà, ní mọ́ṣáláṣí tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n bí a bá dá ìyá yìí dùbúlẹ̀, tí a ń lé ẹni tó ń yẹ àgádágodo wò jáde, ẹ̀ṣọ́ tó gba ọmọ ọdún mẹ́wàá là ni à ń lé. Yóò sá pamọ́ ni, yóò sì padà pẹ̀lú ipá. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ fún ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn létí bí ẹni pé ẹlòmíràn wà nínú yàrá, tí ohùn náà ń pàṣẹ fún un. Dókítà ọpọlọ ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ rí, ìtọ́jú ará inú kọ́ ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ fún ọ̀nà yìí kò tíì pọ̀. Ìwádìí kan jáde ní 2021 lórí àgbàlagbà 17 tí ọgbẹ́ ọkàn wọn ti ìgbà èwe wá. Lẹ́yìn ìjókòó 16, ara tu ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n 17 kéré, kò sì sí àwùjọ mìíràn tí wọ́n fi wọ́n wé. Àwọn ọ̀nà mìíràn tí ẹ̀rí wọn pọ̀ jù ú lọ wà fún ọgbẹ́ ọkàn, nítorí náà bí ẹni tí ẹ bá bá nílé ìwòsàn kò bá lo ti Schwartz, ẹ má torí ìyẹn padà sílé. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní Jos University Teaching Hospital. Federal Neuropsychiatric Hospital wà ní Barnawa, Kàdúná. Ẹni tó bá fẹ́ wà nítòsí àwọn ẹbí nílé, Aro wà ní Abẹ́òkúta láti 1954, níbi tí Dókítà Adéoyè Lámbò ti jẹ́ kí aláìsàn gbé ní abúlé ìtòsí pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ nígbà tó ń gba ìtọ́jú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ni ìjọba sì bu ọwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tó rọ́pò èyí tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀.

Ní ti inú ilé, kí ọkọ Ìyá Bọ́lá má bi í pé kí ló ń ṣe é nígbà tí àyà rẹ̀ bá ń já lọ́wọ́; kò ní lè dáhùn. Kí ó dúró dìgbà tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀, kí ó wá bi í pé kí ni ó ń bà á lẹ́rù lọ́jọ́ náà. Bí òun náà bá sì ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lálẹ́, kí ó fi fóònù pè é láti ìkóríta pé, "Èmi ni mò ń bọ̀ o," kí ó tó kan géètì.