Ìdíje alùpùpù tí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kanlẹ̀: ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀ fún ọlọ́kadà Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́?

Ìdíje alùpùpù kan wà tí wọ́n ń pè ní trials. Kì í ṣe eré sísá o. Orí òkúta àti ẹrẹ̀ ni wọ́n ti ń gùn ún. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àmì ìyà 1. Ẹni tó bá ṣubú, 5. Ẹni tí àmì tiẹ̀ kéré jù ló gbégbá orókè.

Àwọn ọlọ́kadà wa l'Ọ́yọ̀ọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ń ṣe irú ẹ̀ nígbà òjò, tèrò-tèrò. Akoto ló ṣe ìyàtọ̀: kò sẹ́ni tó ń kópa nínú trials láì dé e.

Nígbà tí FRSC sọ akoto di dandan ní January 2009, àwọn kan ní Kánò so igbá mọ́rí. Igbá fínfín dùn-ún wò l'Ọ́yọ̀ọ́ lóòótọ́, àmọ́ kò lè gba orí là. Ẹ dé akoto, kí ẹ sì fún èrò yín ní tiẹ̀.