Ẹ Má Pín Wọn Ní Agboolé-Agboolé

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí pápá. Ó ku díẹ̀ kí oòrùn wọ̀ ní Olúpọ̀nnà, àwọn ọmọ ti to bíríkì méjì-méjì sílẹ̀ bíi góòlù, àwọn méjì tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù sì ti jáde síwájú láti ṣa ikọ̀. Èyí á mú ọ̀kan, ìyẹn náà á mú ọ̀kan. Bí ẹ bá dákẹ́ wò wọ́n, ẹ ó rí i pé ọmọ agboolé wọn ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ọmọ àlejò ló ń kẹ́yìn. Àlàyé mi lónìí kò kọjá ìṣẹ́jú kékeré yẹn. Bí a bá mọ ikọ̀ pín, bọ́ọ̀lù lè sọ àlejò di ará ilé. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n pín, bọ́ọ̀lù yẹn kan náà lè dá ìjà tí kò sí tẹ́lẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ lè béèrè pé, àlejò wo ló wà ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn? Olúpọ̀nnà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ilé-Ogbó, kò sì jìnnà sí Ìwó. Ẹ ka àwọn tó máa ń wà nírú ìlú bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀ṣun: Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, Fúlàní darandaran, àgbẹ̀ tó ti ilẹ̀ mìíràn wá gba oko dá, Ìgbò tó ń tajà, àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Gbogbo wọn ń kí ara wọn láàárọ̀, ṣùgbọ́n ìkíni nìkan kì í sọ ènìyàn di ọ̀rẹ́.

Aáwọ̀ kò sì jìnnà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ gíga Ọ̀ṣun dájọ́ pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáàbù ní iléèwé ìjọba. Kò pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kìrìsìtẹ́nì kan ní Ìwó fi wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí kíláàsì. Àwọn ọmọ tó jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà wá ń fi aṣọ sọ ìhà tí wọ́n wà.

Inclusion ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe ohun tí à ń wá. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ìfàmọ́ra. Ó ju pé kí a má lé ẹnikẹ́ni lọ. Bí ènìyàn bá wá síbi ìnáwó yín, tó jókòó títí tí ẹnikẹ́ni kò gbé oúnjẹ fún un, ẹ kò lé e, ṣùgbọ́n ẹ kò fà á mọ́ra.

Báwo wá ni eré ìdárayá ṣe ń fa ènìyàn mọ́ra? Ẹ rántí àáró. Ẹni tó bá yín kọ ebè lónìí, tí ẹ̀yin náà yóò lọ bá kọ tirẹ̀ lọ́la, ẹ ó mọ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, ẹ ó mọ ìgbà tó rẹ̀ ẹ́. Ikọ̀ bọ́ọ̀lù ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kò lè jẹ góòlù láìgba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹnìkan, ẹni yẹn kò sì lè ṣe é láìsí yín.

Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Gordon Allport, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ọdún 1954 pé kí àwọn tó yàtọ̀ síra kàn máa pàdé kò tó. Ó ka ohun mẹ́rin tó ń mú ìpàdé wọn so èso rere: kí ipò wọn dọ́gba níbẹ̀, kí ohun tí wọ́n ń lé jẹ́ ọ̀kan, kí wọ́n fọwọ́sowọ́pọ̀ lé e, kí àwọn aláṣẹ sì fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká wo bí èyí ṣe rí lójú ayé. Ní àrọko ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí ìran tí wọ́n bí ènìyàn sí ti ń sọ ẹni tó lè bá ṣe wọléwọ̀de, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Matt Lowe fi ìbò pín àwọn ọkùnrin sí ikọ̀ eré kíríkẹ́ẹ̀tì. Ó tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2021. Àwọn tó wà nínú ikọ̀ kan náà pẹ̀lú ìran mìíràn ní ọ̀rẹ́ sí i láàárín ìran yẹn, ìṣòwò wọn náà sì gún régé sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó dojú kọ ìran mìíràn nínú ìdíje, òdìkejì ni tiwọn sábà já sí. Ẹ ò rí i: eré kan náà ni, ìpín ikọ̀ ló yàtọ̀.

Nàìjíríà náà ní ọgbọ́n yìí nílé. Ní ọdún 1973, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ìjọba dá nǹkan méjì sílẹ̀ nítorí ìṣọ̀kan. Èkíní ni ìdíje eré ìdárayá gbogbo orílẹ̀-èdè, tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń kó ikọ̀ tirẹ̀ wá láti bá ìyókù figagbága. Èkejì ni ètò àgùnbánirọ̀. Ní àgọ́ àgùnbánirọ̀, ọmọ Kánò, ọmọ Ẹ́núgù àti ọmọ Ọ̀ṣun máa ń bá ara wọn nínú ìsọ̀rí kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní platoon. Platoon yìí ló ń bá platoon mìíràn du ife-ẹ̀yẹ. Àpẹẹrẹ kejì yìí ni kí ẹ mú lọ sí pápá yín.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ìdíje mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má sì ṣe ti agboolé pẹ̀lú agboolé. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ sínú ìwé pélébé, kí ẹ fi ìbò pín wọn. Ẹni tí ìbò bá mú, kò sí ẹni tí yóò sọ pé wọ́n fojú di òun.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àkókò. Ìdíje ọ̀sán Jímọ̀ ti yọ Mùsùlùmí sílẹ̀, ti òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ti yọ Kìrìsìtẹ́nì. Ọmọ Fúlàní tó ń da màlúù kò lè dé kí ó tó kó wọn wọlé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó dá ọjọ́.

Ẹ má gbàgbé àwọn ọmọbìnrin. Láti ọdún 2014 ni òfin bọ́ọ̀lù àgbáyé ti gba ìborí láàyè lórí pápá, nítorí náà híjáàbù kò lè dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ní ti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kó sáré, ẹ tẹ́ ọpọ́n ayò sábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá: ihò 12, ọmọ ayò 48. Ẹ pín àwọn olùdíje ní méjì-méjì, kí ayò tí wọ́n bá jẹ máa bọ́ sínú àmì ikọ̀ wọn.

Ọgbọ́n kan ṣì kù. Ní ìlú Medellín, ní ilẹ̀ Kòlóńbíà, wọ́n yìnbọn pa agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ náà, Andrés Escobar, ní 1994, lẹ́yìn tó ṣèèṣì gbá bọ́ọ̀lù sínú góòlù tiwọn ní ìdíje ife àgbáyé. Láti ìlú yẹn ni football3 ti wá. Ẹ jẹ́ ká pè é ní bọ́ọ̀lù ìpele mẹ́ta. Ní ìpele kìíní, ikọ̀ méjèèjì jókòó fẹnu kò lórí òfin. Ní ìkejì, wọ́n gbá a, tọkùnrin tobìnrin, láìsí rẹ́fírì. Ní ìkẹta, wọ́n tún jókòó, wọ́n fún ara wọn ní àmì nítorí ìwà. Ẹni tó jẹ góòlù jù lè má gba ife.

Ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu o. Ní Ìráàkì, olùwádìí mìíràn, Salma Mousa, fi bọ́ọ̀lù ṣe irú ìwádìí tí Lowe ṣe, láàárín Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2020. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì tó bá Mùsùlùmí gbá bọ́ọ̀lù ṣì ń bá wọn ṣe ìgbáradì ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ bá wọn dé ẹ̀yìn pápá, lọ́dọ̀ àwọn tí wọn kò mọ̀ rí. Iṣẹ́ tó kù di ti òbí, ìmáàmù, pásítọ̀ àti àwọn ìjòyè.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ má ka góòlù. Ẹ lọ dúró lẹ́bàá pápá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí ìdíje, tí kò sí àgbà tó ń pín ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣa ara wọn bó ṣe wù wọ́n, kí ẹ sì wo ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ nawọ́ sí.