Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Lọ Ṣòwò Nílẹ̀ Òkèèrè, Ẹ Gbọ́ O

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ìlá-Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá àti gbogbo Ìgbómìnà Ọ̀ṣun,

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kan ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yá owó ẹgbẹ́ láti lọ dá òwò sílẹ̀ ní Gáná tàbí ilẹ̀ mìíràn. Bí wọ́n bá ti ìsọ̀ rẹ̀ pa lọ́hùn-ún, òun nìkan kọ́ ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Àwọn onídùúró rẹ̀ tó wà nílé ńkọ́?

Àwọn àgbà wa kò jẹ́ gbàgbé ọdún 1969. Ní ọjọ́ 18 oṣù November ọdún náà, ìjọba Busia ní Gáná pàṣẹ pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á tàbí kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ti pẹ́ níbẹ̀ ló fi ọjà àti ilé sílẹ̀ sá wálé. Àwa náà ṣe irú rẹ̀ fún wọn ní 1983, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà lé àwọn ará Gáná tí kò níwèé.

Ẹlòmíràn á ní, “Ṣebí ECOWAS ti dé?” Òótọ́ ni. Àdéhùn ọdún 1979 fún wa láyè láti wọ ilẹ̀ ara wa láìgba físà, ká sì lo 90 ọjọ́, bí ìwé ìrìnnà àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára wa bá pé. Àdéhùn 1986 wá sọ ti gbígbé ìlú, ti 1990 sì sọ ti dídá òwò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó yé wa: ẹ̀tọ́ àtiwọ̀lú yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ àtipàtẹ. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.

Ní 2013, Gáná ṣe òfin kan tó fi ọjà títà nínú ọjà, ìpàtẹ, ìkiri, ilé ìṣerun lóge àti omi inú ọ̀rá sílẹ̀ fún ọmọ ìlú nìkan. Àlejò tó bá fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ ọjà títà sílẹ̀, òfin náà ní kó mú $1,000,000 wá, kó sì gba ọmọ Gáná 20 tó mọṣẹ́ síṣẹ́. Bí kì í bá ṣe ọjà títà, tó sì bá ọmọ Gáná dòwò pọ̀, $200,000 ni. Bó bá dá a ṣe, $500,000. Lórí òfin yìí ni wọ́n dúró tí wọ́n fi ti ìsọ̀ àwọn ará wa pa ní 2019 àti 2020.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, físà fún olùdásílẹ̀ òwò kò béèrè £50,000 mọ́ láti oṣù April 2023. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ yẹ òwò náà wò, kó jẹ́rìí pé ó jẹ́ tuntun, ó sì lè gbèrú. Ẹni tó fi físà àbẹ̀wò lọ kò gbọdọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Kí ni ká wá ṣe? Ká tó tọwọ́ bọ ìwé owó yíyá, ká béèrè òfin tó wà lóde báyìí lọ́wọ́ ọ́fíìsì GIPC ní Àkírà, nítorí òfin a máa yí padà. Ká má jókòó kọjá 90 ọjọ́ láìgba ìwé ìgbélùú. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, ó lè jókòó sílé kó máa ta ọjà lọ́pọ̀ fún ọmọ Gáná tó ní ìsọ̀.

Ẹ̀yin onídùúró, ẹ béèrè ìwé kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àlọ àti àbọ̀ o.