Mẹ́ẹ̀rì Ìlú Thetford: Oyè Ọdún Kan, Orúkọ Tí Ayé Gbàgbé

Ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní agbègbè Norfolk, ìlú kékeré kan wà níbi tí odò méjì ti pàdé. Thetford ni orúkọ rẹ̀. Ìlú àtijọ́ ni. Ní nǹkan bí 900 ọdún ó lé sẹ́yìn, ibẹ̀ ni bíṣọ́ọ̀bù gbogbo agbègbè náà fi ṣe ibùjókòó fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó ṣí lọ sí Norwich. Òkìtì ńlá tí àwọn ará Normandy mọ láti kọ́ ilé-olódi wọn lé lórí sì ṣì ga fíofío níbẹ̀ títí di òní.

Thetford ní mẹ́ẹ̀rì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ojú mẹ́ẹ̀rì ilẹ̀ Faransé tàbí ti Bẹ̀nẹ̀ wò ó, àṣìmọ̀ ni yóò mọ̀ ọ́n. Mẹ́ẹ̀rì ti Faransé ni ó ń fi orúkọ ọmọ tuntun sínú ìwé ìjọba, òun ni ó ń so tọkọtaya pọ̀ lábẹ́ òfin, òun náà ni ó sì ń pàṣẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlú. Ti Thetford kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ akọ̀wé ìjọba ni ìwé ìbí àti ti ìgbéyàwó wà. Gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ ni ó sì jọ ń pinnu lórí owó ìlú. Mẹ́ẹ̀rì ni alága ìpàdé wọn. Bí ìbò bá dọ́gba, tirẹ̀ ni ó ń yanjú ọ̀rọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dúró fún ìlú níbi ayẹyẹ, níbi ọ̀fọ̀ àti níbi tí a bá ti ń gba àlejò. Ọdún kan ni oyè náà ń gbà. Bí ọdún bá pé, ìgbìmọ̀ lè tún ẹni náà yàn, wọ́n sì lè gbé e fún ẹlòmíràn.

Oyè tí agbára rẹ̀ kò pọ̀ tó báyìí, kí ni ìwúlò rẹ̀? Ìtàn Thetford fúnra rẹ̀ ni ó dáhùn.

Ní ọdún 1574, Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní fún ìlú náà ní ìwé àṣẹ láti ní mẹ́ẹ̀rì kan, ọmọ ìgbìmọ̀ àgbà mẹ́wàá àti ogún mìíràn tí wọ́n wà lẹ́yìn wọn. Àpapọ̀ wọn jẹ́ ènìyàn 31. Ẹ̀bùn ọba ni, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó jẹ nínú rẹ̀. Àwọn 31 yìí nìkan ni wọ́n ń dìbò yan aṣòfin méjì tí Thetford ń rán lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ará ìlú yòókù kàn ń wòran ni.

Ọmọ Thetford kan kò gba irú ètò bẹ́ẹ̀ wọlé. Thomas Paine, ẹni tí a bí síbẹ̀ ní ọdún 1737, kọ ìwé kan lórí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, tí ó jáde ní ọdún 1791 àti 1792. Nínú rẹ̀ ni ó ti ṣàlàyé pé ìwé àṣẹ ọba kì í fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́. Ẹ̀tọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gbà, tí ó sì ń fi í sílẹ̀ fún àwọn díẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀sùn kàn án. Àwọn ará Faransé ní tiwọn yàn án láti ṣojú Pas-de-Calais nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ní ọdún 1792. Lónìí, ère Paine dúró ní Thetford, ní iwájú King's House.

Òfin ọdún 1835 ni ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn tí wọ́n ń san owó-orí ilé ni wọ́n ń dìbò yan ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ sì ń yan mẹ́ẹ̀rì ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá lọ́dọọdún. Òfin náà tún sọ mẹ́ẹ̀rì di adájọ́ kékeré ní ọdún oyè rẹ̀ àti ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Ẹnu ọ̀nà tí òfin yìí ṣí ni Allan Glaisyer Minns gbà wọlé. Ní ọdún 1858 ni wọ́n bí i ní erékùṣù Inagua, ní Bahamas, sínú ìdílé tí ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní, ọ̀nà ló jìn, ẹrú ní baba. Ó kàwé ní Nassau, ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní ilé-ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí òun náà jẹ́ dókítà, ní Thetford. Ó ṣe dókítà fún ilé tí ìjọba ń kó àwọn aláìní sí, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn kékeré ìlú náà. Ní ọdún 1903 ó wọ ìgbìmọ̀. Ní ọdún 1904 wọ́n fi í jẹ mẹ́ẹ̀rì. Nígbà tí ọdún pé, wọ́n tún un yàn.

Kí a wo àkókò tí èyí ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1904, Faransé ni ó ń ṣàkóso Kétu, Sábẹ̀ àti Porto-Novo, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ó ń ṣàkóso Èkó. Kò sí ọmọ ilẹ̀ kankan níbẹ̀ tí ó lè dìbò yan ẹni tí yóò jẹ́ olórí lábẹ́ ìjọba náà. Ní ọdún yẹn kan náà, ìgbìmọ̀ ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi aláwọ̀ dúdú ṣe alága àti adájọ́ wọn. Àwọn tí wọ́n yàn án ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ó ti ń tọ́jú aláìsàn láàrín wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1908, Aldeburgh, ìlú àtijọ́ mìíràn ní etíkun agbègbè Suffolk tí ó bá Norfolk pààlà, fi Elizabeth Garrett Anderson jẹ mẹ́ẹ̀rì. Dókítà ni òun náà, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di mẹ́ẹ̀rì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ rẹ̀ kò parẹ́. Ti Minns kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1913, John Archer, ayàwòrán tí bàbá rẹ̀ wá láti Barbados, di mẹ́ẹ̀rì Battersea ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìbò kan ṣoṣo ni ó fi borí. Nínú ọ̀rọ̀ tí ó sọ lọ́jọ́ náà, ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí aláwọ̀ dúdú yóò jẹ irú oyè bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Archer kò purọ́. Kò mọ̀ ni. Akíkanjú ni, ó sì wà níbi àpérò àwọn ọmọ Áfíríkà tí Blaise Diagne, aṣòfin láti Sẹ̀nẹ̀gà, darí ní Paris ní ọdún 1919. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìwé ń pè é ní ẹni àkọ́kọ́, títí àwọn òpìtàn fi tú ìtàn Thetford jáde. Kò sí ẹni tí ó fi orúkọ Minns pamọ́. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ ìlú ní gbogbo ìgbà náà, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kì í sọ ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ àti ibi tí ó ti wá.

Ní ọdún 1974, òfin tuntun gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára ìgbìmọ̀ Thetford, ó sì gbé e fún ìgbìmọ̀ agbègbè Breckland. Oyè mẹ́ẹ̀rì kò bá a lọ. Lọ́dọọdún, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú ṣì ń pàdé láti yan ọ̀kan nínú ara wọn. Owó kékeré ni ó kù ní ìkáwọ́ wọn, àṣẹ díẹ̀ sì ni. Ìbéèrè tí àwọn ti 1904 dáhùn ni àwọn náà ń dáhùn: ta ni nínú wa tí a lè fi ọkàn balẹ̀ rán jáde ní orúkọ gbogbo ìlú?