Sítáǹpù Herbert Macaulay, 1964

Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ wo túbọmu ńlá yẹn. Òun nìkan tó láti fi mọ ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìjọba gbé sítáǹpù yìí jáde nígbà tí Nàìjíríà pé ọdún kan tó ti kúrò lábẹ́ adé ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún yẹn náà ló pé 100 ọdún tí wọ́n bí Macaulay.

Ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ohun tó gbé jáde lórí ọ̀rọ̀ Ọba Èkó, Èṣùgbàyí Elékòó, ní 1928 gbé Macaulay dé ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Kò tìtorí ẹ̀ panu mọ́.

Ní 1946, ẹni ọdún 81, ó ń bá ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC yí orílẹ̀-èdè ká láti tako òfin ìjọba tí Gómìnà Richards gbé kalẹ̀. Kánò níbí ni àìsàn ti dá a gúnlẹ̀. Wọ́n gbé e padà sí Èkó, ó sì kú ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún. Ìdí nìyẹn tí sítáǹpù yìí fi yẹ Sábọ̀n Gàrí, àdúgbò àwọn àlejò ní Kánò.

Ẹ wo eyín wẹ́wẹ́ tó yí i ká. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ya á nígbà náà, wọn a fi ahọ́n lá ẹ̀yìn rẹ̀, wọn a tẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́tà tó ń lọ sílé.